Ẹ Má Ṣe Wá Ẹni Tó Pa Àkànmú

Yéè! Àkànmú, ọmọ ìyá mi! Láti ìgbà èwe ni ẹnu mi ti ń kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀. Èyí tó kàn ọ́ ló wúwo lẹ́nu mi bí òkúta.

Ọ̀mọ̀wé tó ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí àwọn ìyá alátẹ lọ́jà Adjamé, nílẹ̀ elédè Faransé tí a ń gbé yìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn tí àwọn Faransé ń dìde fún ní yunifásítì. Ẹni tó ń fi awò ńlá wá ohun tí ojú lásán kò rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Mo kí ọ.

Nínú òjò ọjọ́ Ajé, bí o ti dúró de bọ́ọ̀sì ní àdúgbò Attécoubé, ẹ̀ka igi já lù ọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Igi kì í já lásán. Ta ló rán an?" Wọ́n sì ń wo ìyá ìyàwó rẹ.

Ìwọ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ìyá yìí. Nígbà tí ọmọ rẹ kejì kú bí àkọ́kọ́ ti kú, pẹ̀lú egungun ríro tí kò jẹ́ kí ó sùn, mo pe ẹbí jọ. Mo ní ìyá náà ń jẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ pé kí ó gbé e padà sí Ṣakí ní ọjọ́ kejì. Ìyá di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ kò gbójú sókè.

O kò pariwo. O wọ ilé ìdáná, o gbé abọ́ méjì jáde, o fi ẹyọ ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, abọ́ yìí ni èmi, èyí ni Àbẹ̀kẹ́. Pupa ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ara wa le nítorí pé ẹyọ kan péré ni kálukú wa gbé. Ọmọ ń mú ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ dijú, kí ẹ mú."

Mo mú funfun kan, pupa kan. O dá wọn padà. Mo tún mú: pupa méjì, irú èyí tó pa àwọn ọmọ rẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àjẹ́ ti wọ ọwọ́ yín ni?"

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Sùlé, ẹ múra o, mọ́tò Ṣakí ń dúró dè yín!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ló bú sẹ́kún.

Mo bi ọ́ pé ta ló wá fi pupa sínú abọ́. O ní àṣìṣe àtijọ́ ni. Pé ara ń wo ara hun, bí ahunṣọ ṣe ń wo aṣọ bàbá rẹ̀ hun tirẹ̀, tí okùn kan á yà. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́. Díẹ̀ ń di àrà. Ẹni tó gbé ẹyọ pupa kan ṣoṣo, ibà kì í tètè pa á. Òun ni àwọn baba wa kan fi dàgbà tí wọ́n fi bímọ. O ní nípa irú àrà bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ni ẹja, ẹyẹ àti ènìyàn ṣe débi. "Ayé kò retí wa, Ẹ̀gbọ́n. Kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí wa. Ara wa nìkan la ní."

Nítorí gbólóhùn yẹn, mo yàn ọ́ lódì fún odindi ọdún kan. Títí di òní, mo gbà pé Ọlọ́run mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi mú ohun tí ó mú. Ṣùgbọ́n n kò lè purọ́: n kò rí àjẹ́ kankan nínú abọ́ náà.

Ẹ̀yin ẹbí, igi náà já nítorí pé ó ti jẹrà, òjò sì wúwo. Àkànmú wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí pé bọ́ọ̀sì pẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Bí ẹ bá lé ìyá yìí, ẹ̀yin gan-an ni apani tí ẹ ń wá.

Níbi fìdáù yìí, àga ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kí ẹ tó kí mi kú ọ̀fọ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i. Ẹni tí kò bá lè kí i, kí ó má kí mi.

Àkànmú, sùn re o. Ìyá ń bẹ lọ́dọ̀ mi.