Waldemar Nygaard àti Fíìmù Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Gbogbo ará Kildahl ló mọ ìtàn ẹṣin náà. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó ní ìlà iwájú.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, aago méje ku ìṣẹ́jú méjì. Igba èèyàn ó lé méje ló kún inú sinimá Waldemar Nygaard fọ́fọ́, tí wọ́n ń jẹ gúgúrú. Nínú yàrá ẹ̀rọ lókè, Solveig ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fíìmù ti dé nínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń pín fíìmù kì í fi í sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, òun ni kọ́kọ́rọ́ tó ń sọ aago tí fíìmù máa ṣí fún ẹ̀rọ. Solveig tún ìwé náà kà, ó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kildahl wà létí odò tó pín aago sí méjì: bí èèyàn bá sọdá, wákàtí kan á dín. Aago òdìkejì odò ni wọ́n kọ sínú kọ́kọ́rọ́. Fíìmù kò ní ṣí títí di aago mẹ́jọ.

Ó sáré sọ̀kalẹ̀. "Bàbá, a gbé! Ó di wákàtí kan sí i!"

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí fíìmù gbà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìlú ńlá. Marguerite Pell, obìnrin tó ń pín fíìmù nílé-iṣẹ́ náà, ti kìlọ̀ pé bí gbọ̀ngàn bá ṣófo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Kildahl yóò máa dúró kí tiwọn tó dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú á ti wakọ̀ lọ wò ó níbòmíràn, sinimá á sì kógbá sílé.

Waldemar fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Wákàtí kan péré? Mo tiẹ̀ rò pé iná ló ń jó."

Ó lọ dúró síwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ̀yin ará mi, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú."

Kò tíì wo fíìmù ọ̀hún rí. Àwòrán ìpolówó tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló mọ̀: obìnrin kan, ẹṣin kan, afárá tó ń jóná. Inú mẹ́ta yìí ló ti fa ìtàn wákàtí kan yọ. Ó bí obìnrin náà, ó tọ́ ọ dàgbà, ó fún ẹṣin ní àbúrò. Lójú ihò kékeré lókè, Solveig ń ka gbogbo ẹni tó bá dìde. Ìtọ̀ ni wọ́n ń lọ tọ̀, eré ni wọ́n sì ń sá padà.

Nígbà tí fíìmù parí, Arvid Lokken tó ń tún katakata ṣe gbá Waldemar mú lẹ́nu ọ̀nà, inú ń bí i. "Waldemar, ta ló yọ àbúrò ẹṣin kúrò? Ibi tó dùn jù nìyẹn!"

Síbẹ̀, Mọ́ńdè ló ń ba Solveig lẹ́rù jù. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Marguerite máa ń wo iye èèyàn tó lọ sí sinimá kọ̀ọ̀kan, tí á sì pinnu ohun tó kàn wọ́n. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gba fíìmù tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi í hàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìfi òmíràn là á. Ó rọrùn fún sinimá oníyàrá méjìlá. Yàrá kan ṣoṣo ni Kildahl ní, ẹgbẹ̀rin èèyàn ló sì ń gbé ibẹ̀; kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, gbogbo wọn á ti wò ó tán.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Marguerite sọ lórí fóònù ní Mọ́ńdè kan.

"Ìyáàfin Pell, ẹ mú bírò." Waldemar ṣí ìwé orúkọ àwọn tó ní fóònù nílùú. "Aasen, Bernice: ó wá ní Fúráìdé. Aasen, Clifford: ó wá ní Fúráìdé, ó sùn, ó padà wá ní Sátidé kó lè wo ibi tó sùn sí."

"Waldemar, mo níṣẹ́ láti ṣe!"

"Ẹ fara balẹ̀, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn Haugen, wọ́n pọ̀."

Ó kà á dé orúkọ tó kẹ́yìn. "Ó parí. Àwọn tí kò tíì wò ó wà ní ìtẹ́ òkú, mi ò sì lè ṣèlérí fún yín pé wọ́n máa wá."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Marguerite gbà.

Solveig rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ife kọfí tó wà nílẹ̀, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, bó tilẹ̀ fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti ń ṣe sinimá ló ti ń bà mí. Má sọ fún obìnrin yẹn o."

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Waldemar ná an títí ó fi di mọ́kànlá.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìsìnkú ni wọ́n ń pín fíìmù ọdún Kérésì. Bí Kildahl bá pàdánù rẹ̀, sinimá kò ní rí ìgbà òtútù já. Solveig jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà Marguerite lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ́ kó dún.

"Solveig Nygaard ni mà, láti Kildahl."

"Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ń sá fún mi ni?"

"A sin wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, mà."

Solveig gbọ́ tí ẹnì kan fun imú.

"Fíìmù Kérésì," Marguerite sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ le. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀... ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Rárá o. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Solveig ń wo àwọn àga inú gbọ̀ngàn bí ẹni pé wọ́n ti ń kó wọn jáde.

"Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì?" Ohùn Marguerite ti ń gbọ̀n. "Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá ẹ máa ń kọ́kọ́ pè. Á wá ní àlejò dé, á gbé fóònù sórí tábìlì, á jẹ́ kí n máa dúró bí òmùgọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún la fi ṣe é. Mi ò ní kàn gbé e fún ẹ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Solveig nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin," ó sọ. "Ẹ dákun, àlejò dé."

Ó rọra gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kí obìnrin náà máa dúró.