Ohùn Ìyàwó Wa Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kórìíra ariwo. Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tún ẹ̀rọ mọ́tò kankan ṣe rí. Ohùn ènìyàn ló ń tún ṣe. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló sọ di ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ó fi fóòmù àtijọ́ àti búláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, ó gbé maìkì kan kalẹ̀ láàárín, ó gbé kọ̀ǹpútà sí igun. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, òógùn lo máa fi wẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí fáànù yí bí ẹnikẹ́ni bá ń kọrin.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló kó bá a. Bí akọrin bá lọ tán, yóò jókòó ti ohùn náà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Èémí tí akọrin mí, yóò gé e. Ikọ́, ẹ̀rín, "ẹ jẹ́ n tún un kọ", gbogbo rẹ̀ ló ń pè ní pàǹtí. Lẹ́yìn náà ni yóò po ohùn àti ìlù àti gìtá pọ̀ títí orin á fi mọ́ kedere. Kí ààyè lè wà nínú kọ̀ǹpútà, yóò wá pa ohùn tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ rẹ́ pátápátá. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ àwọn tó ń kọrin láì mí." Á ní kí n lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ìyàwó wa, aya ẹ̀gbọ́n mi, ló ń bá a ṣe elégbè. Inú orin bí ogójì ni ohùn rẹ̀ wà, tó mọ́, tó dùn, tó wà lẹ́yìn ohùn àwọn ẹlòmíràn. Ẹnu obìnrin náà kì í sinmi. Bó bá ra ọṣẹ, á sọ ìtàn ọṣẹ náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ó kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kò tíì pé ọdún méjì.

Ọmọ náà ti di ẹni ogún ọdún báyìí. Lọ́jọ́ kan, ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá mi, báwo ni màmá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi orin kan sí i fún un. Ọmọ ní, "Mo ti mọ ìyẹn. Kì í ṣe orin ni mo ní. Ọ̀rọ̀ ni. Bó ṣe máa ń pè mí."

Ẹ̀gbọ́n mi pa orin náà. Àárò ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló tó mọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Òun fúnra rẹ̀ ló gé gbogbo rẹ̀ dànù.

Ó fa kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ, mo tún gbé e padà. Inú bí mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kú ti kú. Ẹ jẹun." Ó wo ojú mi, ó ní, "Ohùn rẹ̀ ń sá kúrò létí mi. Mi ò rántí bó ṣe máa ń pè mí mọ́." Ni mo bá jókòó, mo sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó pe èmi àti ọmọ. Orin tó gbà sílẹ̀ fún káfíńtà kan ló rí nínú kọ̀ǹpútà náà. Ọjọ́ kan péré ni ọkùnrin náà wá kọrin, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ojú tì í, kò sì padà wá mọ́. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kò fọ iṣẹ́ náà, kò sì pa á rẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn káfíńtà ń gbọ̀n bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Lójijì ìlẹ̀kùn dún, ohùn ìyàwó wa wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun ẹ jáde! Màmá kékeré ń rìn o! Kò di nǹkan kan mú! Ẹ tètè wá wo..."

"Pa ìlẹ̀kùn yẹn dé! O ò rí i pé à ń ṣiṣẹ́ ni?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ìlẹ̀kùn padé jẹ́jẹ́. Káfíńtà ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n tún un kọ?" Lẹ́yìn ìyẹn, orin káfíńtà nìkan ló kù.

Màmá kékeré ni ìyàwó wa ń pe ọmọ náà. Ọmọ ní kí ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Níkẹyìn ọmọ sọ pé, "Ẹ bá mi yọ ohùn yín kúrò níbẹ̀, Bàbá mi. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́, inú ẹ̀gbọ́n mi ń bí mi. Ẹyin lohùn, ó sì ti já a bọ́ láti nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún.

Ó mi orí. "Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo sọ tèmi lé. Bí mo bá gé ara mi kúrò, màá gé òun náà."

Ọmọ kọjú sí i. Ó ní, "Ṣé ẹ padà jáde wá wò mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ hẹdifóònù kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí itan. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni káfíńtà yẹn tún orin náà kọ," ó ní. "Nígbà tí mo fi máa jáde, ìwọ àti ìyá rẹ ti sùn."