Kókó Ọwọ́ Mi àti Ẹni Tí Mo Nàka Sí

Kí n tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi: mo ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni fífọ àwọn àpótí gíláàsì tí àwọn olówó àdúgbò Bonapriso, nílùú elédè Faransé tí à ń gbé, ń sin ẹja sí. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń di bọ́tìnnì, mo rí kókó pupa kan lẹ́yìn àtàǹpàkò mi. Kò dùn mí, mo pa á tì. Nígbà tó yá, òmíràn yọ lẹ́yìn ọwọ́, òmíràn lọ́rùn ọwọ́, wọ́n tò gun apá bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n wá ń ro mí, ìka ò ṣe é ká mọ́.

Nílé ìtọ́jú kan ní Ndogbong, nọ́ọ̀sì ò gbójú kúrò lára fóònù tó fi fún mi ní ìpara làpálàpá. Ibòmíràn gún mi lábẹ́rẹ́ lásán. Nípàdé àdúrà àwa Yorùbá, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni, kí n má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bàbá ìjọ wá bi mí lójú gbogbo ènìyàn: "Ta ló fún ẹ ní nǹkan tó o fọwọ́ yẹn gbà?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin tó ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan nígbà tí àwọn ará ilé yòókù ti ya abọ́ mi sọ́tọ̀! Ó wà láàárín wọn níbẹ̀, ó gbọ́, kò jà. Ó kàn ní, "Ọkọ mi kékeré, ṣé o ti parí? Lọ́la, à ń lọ rí dókítà awọ. Ṣẹ́ẹ̀tì májèlé yẹn ni kó o wọ̀ o."

Dókítà wo ọwọ́ mi, ó fi Faransé béèrè: "Iṣẹ́ wo lo ń fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Ẹ gbọ́ o! Látọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó gé ẹran bíńtín lára kókó kan fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi dúró. Kòkòrò inú omi ẹja ni wọ́n bá níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ kékeré ló máa ń gbà wọlé. Ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àmọ́ ẹnìkan kì í kó o ran ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ rárá. Mo lo oògùn fún oṣù púpọ̀, èébì ń gbé mi, ṣùgbọ́n kókó ń wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà kó tó béèrè.

Ọwọ́ mi ti ń ká, àpá ló kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú ṣì ń bí mi sí bàbá yẹn, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ńkọ́? Ilé ìdáná ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó wa. Ó ní kí n dìde, kí n má fi epo ra ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kò tíì padà sípàdé náà. Ojú wọn ni mo ti bà á jẹ́, ojú wọn náà ló yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé. Kí wọ́n máa wí.

Mi ò tíì ṣe é.