Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n wọn ilé wa

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà.

Ẹ mọ̀ pé kò sí wẹ́dà tó mọṣẹ́ tó mi ní Pápá Àjàó. Lónìí, àwọn ará ìjọba ìpínlẹ̀ kun X pupa sára ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn máa wó o, títì máa gba ibẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo fa pépà àṣẹ ìkọ́lé tí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì fún wa yọ.

"Ọ̀gá, ẹ wo òǹtẹ̀! Wọ́n ti buwọ́ lù ú!"

Ọ̀gá wọn ní, "Àbúrò, lókà ò bi wá kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ojú ọ̀nà wa ni wọ́n fún ẹ."

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Irọ́ ni! Tó bá dá yín lójú, ẹ gbé téèpù wá, ẹ wọ̀n ọ́n!"

Wọ́n wọ̀n ọ́n lóòótọ́, láti àárín títì. Téèpù kọjá ṣọ́ọ̀bù, ó wọ inú ilé wa tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró síbi bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Wọ́n bá kun X míì sára ògiri yàrá náà. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún wa ká fi kó jáde!

Màmá mi ò mọ̀wé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni, wọ́n ń bi mí pé, "Rásáàkì, ta ló kun ọ̀dà sí yàrá mi?"

Ẹ dákun, ṣé lókà ni kí n sáré lọ ni, àbí ìpínlẹ̀? Kí ni kí n sọ fún màmá mi?