Obìnrin Tó Kí Ọkọ Rẹ̀ Kú Ọ̀fọ̀ Ara Rẹ̀

Inú pósí ló wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn àgbàlá wọlé. Òwú funfun ló fi dí ihò imú méjèèjì, aṣọ funfun bò ó dé àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn láti etí rẹ̀ wá sí ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ ìṣápá ni o. Àwa ọmọ ilé mọ̀, nítorí ojú wa ló ti sè é pẹ̀lú ògì kí ó lè ki, a sì ti ń tọ́ ọ lá títí ó fi lé wa. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zémijàn ni. Búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn. Igbe tó ké, àwọn adìyẹ tú ká.

Òkú bá dìde jókòó. "Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ o. Oúnjẹ yín wà nínú kúlà."

A rẹ́rìn-ín títí a fi ń di inú mú. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Sinimá ni gbogbo wa ń pè é ní àdúgbò Agblangandan, nínú ilé tí àwọn òbí mi gba yàrá méjì sí. Aránṣọ ni. Bó bá rán aṣọ títí di ọ̀sán, a ó gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò dákẹ́, a ó sì mọ̀ pé kàmẹ́rà ló kàn. Ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ló ti ń yà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn ló ní òun fẹ́ ṣe sinimá tí yóò ba àwọn èèyàn lẹ́rù: obìnrin kan tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sáré sin kí ó tó kú tán, tí ó sì padà wá sínú ilé ìdáná rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pósí ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Káfíńtà tó wà ní oríta kò yá a. "Ìyá, pósí kì í ṣe àga àyálò. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde." Ìyá Sinimá lọ sí ọjà Dantokpa, ó kó pákó àpótí tí wọ́n fi ń kó ẹja gbígbẹ wá, ó sì kan án fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa á, gbogbo ológbò àdúgbò á wá ṣòkú. Ọmọbìnrin tó yẹ kó sùn sínú rẹ̀ rí i, ó ní òun ń lọ tọ̀. Títí di òní kò tíì tọ̀ tán. Bí Ìyá Sinimá ṣe wọ inú rẹ̀ nìyẹn, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì di kàmẹ́rà mú.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn burúkú ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni, àgbà ìjọ. Láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló máa ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí ojú obìnrin náà kò rí ohun tó bá sún mọ́ ọn dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ pósí, ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. "Mi ò ní jẹun lọ́wọ́ òkú. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ pe ikú. Ìyàwó mi ti kú."

A rò pé ìbínú lásán ni. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé àga síta lábẹ́ igi àgbọn, ó sì jókòó bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bàbá." "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó ń ṣe àmín. A sì ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú yàrá.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ìyá Sinimá jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó tò sẹ́yìn àwọn tó ń kí i. Nígbà tó kàn án, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé obìnrin dáadáa ni. Ọlọ́run á fi èyí tó gbọ́ràn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ fún yín."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ètè ọkọ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀rín ló ń mú un, àfi ìgbà tí mo rí omi lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Sèmè-Kpodji. Èmi ni mo wá ń bá Ìyá Sinimá fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rù. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rù.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jókòó. Mo ń fọ abọ́ nítòsí ilẹ̀kùn, wọn kò lé mi.

"Ìyá Ìbejì, mi ò ní kí o dáná sun sinimá náà. Ibi tí o ti wà nínú pósí yẹn nìkan, yọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá di ojú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí ọ. Bí o bá yọ ọ́, mò ń padà wálé lónìí."

Mo ń gbàdúrà kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dùn mí pé mo dẹ́rù bà yín. Ẹ foríjì mí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dìde nínú pósí ni sinimá náà. Bí mo bá yọ ọ́, obìnrin yẹn kàn kú ni, wọ́n sin ín, ó tán. Mi ò ní yọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó sì lọ. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bú sẹ́kún, ó sì ń rán aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi mí kanlẹ̀ nínú yàrá wa. "Nítorí sinimá! Òmùgọ̀ obìnrin."

Nígbà tí wọ́n fi sinimá náà hàn ní ilé fídíò, àwọn obìnrin ké títí ohùn wọn fi há. Nígbà tí òkú dìde, wọ́n bẹ́ sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kò wá. Kò sì padà wálé mọ́.

Wọ́n ṣì ń fi ìtàn rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní àdúgbò wa. Èmi kò gba ìkìlọ̀ náà. Mo mọ ohun tó ná an, mo wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ pè é ní òmùgọ̀, kó má pè é lójú mi. Mo ní ọkọ báyìí, mo sì ń kọ ìwé. Ọkọ mi fẹ́ràn mi. Nígbà mìíràn á ní, "Ibi yìí nìkan, yọ ọ́, nítorí àlàáfíà." Mo máa ń padà kà á dáadáa. Bó bá jẹ́ ohun tí ìwé lè ṣe aláìní, mo ń yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ibi tí obìnrin náà ti ń dìde ni, mo ń sọ fún un pé rárá, mi ò yọ ọ́. Bí ẹkún bá dé lẹ́yìn náà, mo ń sun ún níbi tí mo jókòó sí, mo sì ń kọ ọ́ lọ.