Agbọ̀n Ata ní Ọjọ́ Ìkórè

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo fi mọ Festac. Nígbà tí ìjọba fún ọkọ mi nílé níbẹ̀, kò tíì pẹ́ tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ńlá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àdúgbò náà kó jáde. Ògiri ṣì ń rùn bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún, atẹ́gùn ẹrọ̀fọ̀ sì ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ náà á rántí bí gbogbo wa ṣe ń ra nǹkan nígbà náà: àga tìmùtìmù, tẹlifíṣàn, aṣọ fèrèsé. Èmi ò rà. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi, ìyàwó katikíìsì, ni mo dàgbà sí, níbi tí a ti ń lẹ àlòkù ọṣẹ mọ́ ọṣẹ tuntun. Inú agolo bisikíìtì ni mo ń tọ́jú owó sí, torí mo fẹ́ ra fíríìjì kí n lè máa ta omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì ń kọ́lé ní àdúgbò.

Ọkọ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gba Agbójú, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kọjá, ẹni tó bá kí i dáadáa ti rí owó ọkọ̀ nìyẹn. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run nínú àdúrà pé kí ó bá mi fi okùn so ọwọ́ ọkùnrin yìí díẹ̀.

Ìkórè wa àkọ́kọ́ níbẹ̀ dé. Ìjọ wa ò tíì kọ́lé, nínú kíláàsì ilé ìwé kan la ti ń sìn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń ta ọrẹ tí oníkálukú mú wá ní gbàǹjo. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ti gbé iṣu àti àgbò wá. Opó kan tó jẹ́ ìyá awakọ̀, tó ń gbé ní apá Agbójú, gbé agbọ̀n ata rodo kékeré kan wá, èyí tó gbìn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Kọ́bọ̀ kan. Ata ẹ̀gbẹ́ gọ́tà." Ẹ̀rín sọ. Màmá náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti ń tú gèlè rẹ̀, ó tún ń wé e.

Ọkọ mi dìde, ó dárúkọ owó kan.  Iye tó mọ̀ pé ó wà nínú agolo mi gan-an ló pè, mo sì mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Àṣà wa ni pé kí ẹni tó rajà dá a padà kí wọ́n tún un tà. Kò dá ata náà padà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá náà, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Ilé wa la ti máa jẹ ẹ́."

A délé. Mo gbé agolo síwájú rẹ̀, mo bi í pé, "Fíríìjì ńkọ́?"

 Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun gbé igbá ilá lọ síbi ìkórè nílùú wọn. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá náà fi ìborùn bo igbá rẹ̀, ó gbé e padà sílé.

"Títí ó fi kú, kò lọ síbi ìkórè mọ́."

Èmi fúnra mi ni mo ṣí agolo náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo sá ata sórí ìwé ìròyìn ní bálíkónì, mo sì ṣa irúgbìn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá Ahun, o ò ní jẹ́ kí ẹyọ kan sọnù?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ ná owó, èmi á gbin ata."

Fíríìjì náà pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n ní ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi náà ru agbọ̀n ata lọ, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti màmá náà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀rù ìyà ló ká ọwọ́ mi kò, pé ìtìjú tó bá ìyá ọkọ mi ló sì la ọwọ́ tirẹ̀. Mi ò tún bẹ Ọlọ́run pé kí ó so ọwọ́ ọkọ mi mọ́. Ọpẹ́ ni mo ń dá pé ó fi irú ọwọ́ méjèèjì sínú ilé kan ṣoṣo.