Ìhà Ẹlẹ́dẹ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé Aláàdúrà

Títí dòní, bí èéfín igi máńgòrò bá ti fẹ́ sí mi nímú, ńṣe ni ẹnu mi máa ń fẹ́ ṣe "Àmín". Ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi náà mọ̀, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan ní Festac ló fà á, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwa ọ̀dọ́ ń so ó mọ́ bẹ́líìtì káàkiri, tí a sì ń pariwo sínú rẹ̀ bíi pé ẹni tó wà lódìkejì dití.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní sáìbà kafé kan, ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo sì ń gbé. Ọmọbìnrin kan wà ní Raji Rasaki Estate tí mo fẹ́ràn débi pé tó bá ti pè mí lórí fóònù, oúnjẹ iwájú mi á tutù síbẹ̀ ni. Òun náà fẹ́ràn mi. Bàbá rẹ̀ ló kù. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, wọ́n sì ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì ní Amẹ́ríkà nígbà èwe wọn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn o. Ẹran ni. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbé ìhà ẹlẹ́dẹ̀ lódindi sórí iná èédú, wọ́n á dé e mọ́lẹ̀, èéfín ni yóò sè é jinná díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹran á fi máa bọ́ kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà dé, wọn ò rí irú rẹ̀ jẹ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà mú mi lọ kí wọn, wọ́n sọ ìtàn yìí fún mi, n kò sì ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lanu.

Mo ní, "Dádì, ìyẹn ò le rárá, sà. Mo máa ń ṣe é."

N kò ṣe é rí. N kò tilẹ̀ jẹ ẹ́ rí. Bàbá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Wọ́n ní, "Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni. Ọkùnrin méjì ti wá síbí ṣáájú rẹ, àwọn náà láwọn mọ̀ ọ́n. Wọn ò ní sùúrù, ẹran jíjóná ni wọ́n gbé wá fún mi. Mi ò sì lè fọmọ mi fún ẹni tí kò lè jókòó ti iná. Gbé e wá ní Sátidé, aago márùn-ún. Tó bá ti kọjá aago márùn-ún, mo ti ń jẹ iṣu mi nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi ṣe dórí eegun ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Wàhálà kejì wá ni màmá mi. Ìjọ tí wọ́n ń lọ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ ilé wọn. Ọdún Kérésì kan tí aládùúgbò gbé ẹran fún wa tí wọn ò mọ irú ẹran tó jẹ́, àti ẹran àti abọ́ ni wọ́n kó dà nù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé oníjàgídíjàgan ni wọ́n. Àgbádárìgì ni wọ́n dàgbà sí, létí ọ̀sà, níbi tí ìyá tiwọn ti ń fi èéfín yan ẹja tà, wọ́n sì tutù bí omi ọ̀sà náà. Wọn kì í bá ènìyàn wí lójúkojú. Àdúrà ni wọ́n fi ń báni wí. Bí mo bá pẹ́ wọlé lálẹ́, tó bá di àdúrà òwúrọ̀, wọ́n á ní, "Olúwa, gbogbo ẹsẹ̀ tó ń rìn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án nínú ilé yìí, dá a padà." Àwa méjì péré là ń gbé inú ilé náà, màmá mi kì í sì í jáde lálẹ́.

Mo sọ fún wọn pé ẹran màlúù ni mo fẹ́ yan fún ọ̀gá kan. Wọ́n ní kò burú.

Mo tẹ ìwé kan jáde ní sáìbà kafé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé náà ní igi ápù ni kí n fi ṣe èéfín. Ojú á tì mí tí mo bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Apple Junction ni mo gbà lọ. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta èso níbẹ̀ bóyá ó mọ ibi tí igi ápù wà. Ó ní, "Bọ̀dá, inú páálí ni mo ti ń bá a o." Mo padà sílé, mo gé ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ kan lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó là á sí méjì, kí ó fi ìdérí sí i, kí ó dá ihò sí i nísàlẹ̀ fún atẹ́gùn. Ó wò ó títí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ajá mi ló kú tí mo fẹ́ fi ṣe pósí fún un. Ní Satellite Town ni mo ti rí obìnrin tó ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti gbé àáké sókè láti gé ìhà náà wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń gé ẹran ọbẹ̀, àfìgbà tí mo fi ara bo ẹran náà lórí tábìlì. Ó ní òun ò rí oníbàárà tó fẹ́ kú nítorí ẹran rí.

Ní Sátidé, mo fi ata gbígbẹ, iyọ̀, ṣúgà àti yájì pa ẹran náà lára, mo sì gbé e sórí iná ní aago méjìlá ọ̀sán. Aago méjìlá náà ni àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà nínú ẹgbẹ́ aláàdúrà màmá mi wọlé sí pálọ̀ fún ìpàdé wọn. Èyí kò bà mí lẹ́rù, torí aago kan ààbọ̀ ni wọ́n máa ń parí. Ohun tí mo gbàgbé ni pé tánkì omi tuntun ti dí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé pa, kò sì sí ibòmíràn téèyàn lè gbà jáde láti ẹ̀yìnkùlé ju àárín pálọ̀ lọ. Fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mo ń gbọ́.

Ìwé ní kí n má ṣí ìdérí. Láàárín wákàtí kan mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo ṣe gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn màmá mi ta láti pálọ̀: "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà! Ọwọ́ tó ń ṣí ohun tí kò tíì tó àkókò wò ṣáá, Olúwa, dá ọwọ́ náà dúró!" Àwọn obìnrin ké "Àmín!" Ìdérí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé Ẹ̀mí ló ń lo màmá mi láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn mọ̀. Èmi tí wọ́n ti ń fi àdúrà bá wí láti kékeré o, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá, torí mo gbà pé ẹran màlúù ni wọ́n mọ̀.

Kò pẹ́, ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí kán sínú èédú, iná sọ gùlà. Màmá mi tún gbóhùn sókè: "Iná tó fẹ́ jó ògo ọmọ mi, Olúwa, dí i pa láti ìsàlẹ̀!" Mo fi àkísà tútù dí ihò ìsàlẹ̀. Iná rọlẹ̀. Mo ṣe "Àmín". Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní, "Ohun tó ń gbẹ, Olúwa, bomi wọ́n ọn!" Mo po oyin mọ́ omi, mo wọ́n ọn. Ní tòótọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń gbẹ. Mo ti ń ṣèlérí fún Ọlọ́run nínú ara mi pé tí mo bá fẹ́ ọmọ yìí, n ó di òjíṣẹ́.

Nígbà tó di aago méjì, ìhà náà ti pọ́n, ojú rẹ̀ ti ń dán. Mo ní ó ti jinná, jẹ́ kí n tètè lọ kí bàbá lè mọ̀ pé mo já fáfá. Mo gbé e sínú tíréè, mo fi ìwé ìròyìn bò ó, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú. Ó yẹ kí wọ́n ti parí láti ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ṣùgbọ́n màmá mi kígbe pé, "Ẹni tó ti gbéra tí kò tíì yẹ kó gbéra, Olúwa, dá a padà sórí iná!" Mo fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo dá ẹran padà.

Báyìí la ṣe lo ọ̀sán yẹn. Àwọn obìnrin náà ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, èéfín ẹlẹ́dẹ̀ olóyin sì ń wọlé bá wọn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ìyá àgbà tó jẹ́ aríran wọn dìde, ó ní, "Mo ń gbóòórùn kan o! Òórùn yìí kì í ṣe ti ayé yìí!" Wọ́n hó "Halelúyà!" Ẹnì kan bú sẹ́kún. Ẹlòmíràn ní ikùn òun ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó jẹ́ kó máa sọ ọ́. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ní kí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ kí wọ́n máa lọ, màmá mi á tún rí ohun mìíràn gbàdúrà lé lórí: orílẹ̀-èdè, àwọn awakọ̀, omi ẹ̀rọ Festac, àwọn tó ń kọ́lé tí kò parí.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, mo gbọ́ tí ohùn màmá mi tó ti ha sọ pé, "Ohun tó ti tó, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe oore-ọ̀fẹ́." Mo gbé tíréè, mo la àárín pálọ̀ kọjá, ọ̀rá ti ń gba ara ìwé ìròyìn yọ. Ìyá aríran ní, "Ọmọ mi, kí lo gbé yẹn?" Màmá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀nà ayé rẹ̀ ló ń lọ." Wọn ò wò mí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ara ògiri ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń wo kàlẹ́ńdà bíi pé wọn ò rí i rí.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀kadà gbé mi dé. Iṣu bàbá ti wà lórí tábìlì. Wọ́n mú eegun kan, wọ́n fà á, eegun jáde ní mímọ́, ẹran kù sọ́wọ́ kejì. Wọ́n jẹ márùn-ún tẹ̀ léra wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ yìí ní sùúrù. Lọ mú àwọn èèyàn rẹ wá." Ìdùnnú ò jẹ́ kí n rántí láti tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo padà délé, ohùn màmá mi ti lọ pátápátá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fọwọ́ júwe nǹkan fún mi.

Ọdún ti gorí ọdún. Bàbá ìyàwó mi ti lọ sinmi. Títí wọ́n fi lọ, wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí onísùúrù bí àna àwọn, n kò sì bá wọn jiyàn rí. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Mo dáná lẹ́yìn ilé, mo ní ẹran màlúù ni, bí mo ṣe máa ń sọ. Wọ́n jókòó létí ilẹ̀kùn, wọ́n kọ̀yìn sí mi. Bí mo ṣe nawọ́ sí ìdérí, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Èéfín rẹ̀ ṣì tutù. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í yá bí ẹja."

Ọwọ́ mi dúró sókè.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Fóònù tí ò ń pariwo sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣé mo dití ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n tún ìró wọn ró. "Tí mo bá sọ, mo ti mọ̀ nìyẹn. Tí mo bá sì ti mọ̀, mo gbọ́dọ̀ dà á nù, kí bàbá yẹn máa jẹ iṣu rẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan. Àdúrà ni mo ń gbà."

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kúrò níbi ìdérí. Mo ro ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò fi lè sọ̀rọ̀ yẹn, àti bí mo ṣe ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà pé Olúwa kò dití. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, mo ṣí i. Ó ti jinná. Mo gbé e sínú tíréè láti gba iwájú wọn wọlé, mo ṣe "Àmín", màmá mi sì yíjú sí ògiri.